Kí Ọkàn Wà Níbi Tí Ọwọ́ Wà

Bí obìnrin mẹ́ta bá dúró ti odó kan tí wọ́n ń gún iyán àlejò ní Ìjàn-Èkìtì, kò sí ẹni tó ń ka oókan, eéjì fún wọn. Bí ọmọ odó kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni èkejì ń gòkè, ẹ̀kẹta ń dúró de àyè tirẹ̀ lókè. Ìró rẹ̀ á dọ́gba débi pé ẹni tó ń kọjá lójú títì á mọ̀ pé iyán náà ti fẹ́ dójú ẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn tó ń gún un: inú odó ni gbogbo wọn ń wò. Bí ọkàn ọ̀kan nínú wọn bá yà lọ síbi owó àjọ, tàbí sọ́dọ̀ ọmọ tí kò pe ìyá rẹ̀ láti Èkó, ọmọ odó méjì á kọ lu ara wọn, tàbí kí tiẹ̀ bọ́ sí ètè odó, gbogbo wọn á sì dá dúró. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní, "Ìyàwó, ọjà wo lo lọ?" Ìyàwó á ní, "Ẹ má bínú, màmá, mo ti dé," á sì tún gbé ọmọ odó sókè.

Ohun tí orí yìí ń sọ kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí odó yẹn lọ. Ọkàn yà, a mọ̀ pé ó yà, a mú un padà láìbá ara wa jà. Àwọn onímọ̀ ìlera nílẹ̀ òyìnbó ti ń fi èyí tọ́jú aláìsàn láti bí ogójì ọdún ó lé, mindfulness ni wọ́n ń pè é. Mo kọ orí yìí nítorí pé mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ wa àti ìkíni wa ti ń kọ́ wa ní ìfọkànsí yìí tipẹ́, à ń jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa, ìlera wa sì wà nínú rẹ̀.

Báwo ni ọkàn ṣe ń yà tó? Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Fóònù ni wọ́n lò. Fóònù àwọn àgbàlagbà 2,250 á dún nígbàkigbà láàárín ọjọ́, á sì béèrè pé: kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Ṣé ohun tí ẹ̀ ń ṣe náà lẹ̀ ń rò? Báwo ni inú yín ṣe rí? Ìdá 46.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n béèrè, ọkàn kò sí níbi tí ọwọ́ wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àkókò tí wọ́n fi lajú sílẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ti ìdùnnú. Nígbà tí ọkàn wọn bá wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, inú wọn máa ń dùn ju ìgbà tó bá ti rìn lọ, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò fẹ́ràn ni wọ́n ń ṣe. Kódà àwọn tí ọkàn wọn rìn lọ síbi ohun dídùn, inú wọn kò dùn ju ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró sídìí iṣẹ́. Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bi ń gbé, kò sẹ́ni tó wá sí Ìjàn wá béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta gàrí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ojú ìwé kan tán tí kò rántí ohun tó kà, tàbí tó ti ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá òun tì í, mọ ohun tí wọ́n rí.

Kí la wá ń sá fún tí ọkàn fi ń yà bẹ́ẹ̀? Ní 2014, Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia fi àwọn ènìyàn sínú yàrá kan, láìsí fóònù, láìsí ìwé, pé kí wọ́n dá jókòó pẹ̀lú èrò ara wọn. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò náà, bọ́tìnnì kan wà tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, iná mànàmáná á ta á. Gbogbo àwọn tí a ń sọ yìí ti tọ́ iná náà wò ṣáájú, wọ́n sì ti ní àwọn á sanwó kó má baà tún ta àwọn mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ọkùnrin 12 nínú 18 ta ara wọn níná. Obìnrin 6 nínú 24 náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìnira wà nínú kí ènìyàn dá wà pẹ̀lú ọkàn ara rẹ̀, kò sì yẹ ká fi bú ọmọdé tó ń na ọwọ́ sí fóònù ní gbogbo ìgbà, nígbà tí àgbà náà ń sá fún ohun kan náà.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni kì í sinmi. Nínú ìwọ̀n ara àgbàlagbà, ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá ogún nínú agbára tí ara ń lò. Tẹ́lẹ̀, èrò àwọn onímọ̀ ni pé bí ènìyàn bá jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, ọpọlọ náà á rọra. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú St. Louis, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn ń lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá gbájú mọ́ nǹkan, tó sì ń gòkè nígbà tí a bá dáwọ́ dúró. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ká rí i pé àwọn apá yìí ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń rántí àná, tí a ń pète ọ̀la, tí a ń rò ó pé kí ni lágbájá ń sọ nípa wa.

Ẹ má rò pé ọ̀tá wa ni. Àgbẹ̀ tó wà lórí ẹní nínú oṣù Kejìlá, tó ń wo ibi tí òun á kọ ebè sí lọ́dún tó ń bọ̀, apá ọpọlọ yìí ló ń lò. Láìsí i, kò sí ètò, kò sí ìtàn, kò sí ẹni tó máa fi iṣu èèbù pamọ́. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èrò kan náà bá ń yí po tí kò bí ojútùú kankan. Obìnrin tó ń gbé Ìjàn tó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Adó láràárọ̀ lè bá ọ̀gá rẹ̀ jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọkàn kí ọkọ̀ tó dé, kó sì dé ibẹ̀ tán kí ọ̀gá náà má wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìjà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ara rẹ̀ jà. Àyà rẹ̀ já, èjìká rẹ̀ le, èémí rẹ̀ kúrú, nítorí pé ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjà tó wà níwájú ẹni àti èyí tí a ń rò. Àròkàn tí kò dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ ló ń ba oorun jẹ́, oorun tí kò sì dára ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn wọlé.

Ibi tí mo ti rí ìfọkànsí tó jinlẹ̀ jù lọ ní agbègbè wa ni iṣẹ́ Olówè, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn kó tó kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, níbi tí a ti rí ọba lórí ìtẹ́ tó ń gba àjẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, ní àlejò. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta gan-an, orí wọn tayọ pákó bí ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà kò ta á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Iṣẹ́ mìíràn tí ọwọ́ Olówè ṣe wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington lónìí, ọpọ́n onídèérí ni. Àwọn ère tó kúnlẹ̀ ló gbé ọpọ́n náà, wọ́n tò yí ká bí ọgbà. Láàárín wọn, lábẹ́ ọpọ́n, orí ènìyàn kan wà nílẹ̀ tó dá wà, tí kò so mọ́ ohunkóhun. Ó lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè jáde, nítorí àyè tó wà láàárín ère méjì kò gbà á. Kò sẹ́ni tó ti orí náà bọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Igi kan náà ni gbogbo rẹ̀: ọpọ́n, ère àti orí. Olówè ní láti ti abẹ irin gba àárín àwọn ère wọlé, kó máa gbẹ́ orí náà níbi tí ọwọ́ kò ti fi bẹ́ẹ̀ ráyè, kó sì gé e kúrò lára igi tó bí i, láìjẹ́ kí irin kan ẹsẹ̀ tàbí apá ère kankan. Bí irin bá ṣì lọ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ tó ti lọ ti di igi ìdáná.

Àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ sí ìpele: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Nígbà ọnà lílé, àáké ńlá ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà nìkan ni agbẹ́gi ń wá. Kò tíì kan ìpéǹpéjú. Kò kan ilà ojú títí di fífín, nígbà tí ọ̀bẹ kékeré bá gba iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ro ilà ojú nígbà tó yẹ kó máa wá ibi tí orí wà á ba igi jẹ́. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti fi ọkàn sí ìpele tó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń bọ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ àsìkò ohun tó ń bọ̀ kò tíì tó.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò dá. Iṣẹ́ tó le tó sì léwu máa ń fa ọkàn mọ́ra fúnra rẹ̀. Adẹ́mu tó so igbà mọ́ ìbàdí lókè ọ̀pẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un pé kó fọkàn síbẹ̀. Níbi tí kò sí ohun tó ń fà á ni ọkàn ti ń bọ́: nídìí abọ́ fífọ̀, lórí ìlà ní bánkì, nínú ọkọ̀ tó dúró de èrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nílé ìwé. Ibẹ̀ ni a ti ní láti fi ìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ní 1979, Jon Kabat-Zinn dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò lọ tán pẹ̀lú oògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Wọ́n á kọ́ láti máa kíyè sí èémí wọn, láti máa fi ọkàn yẹ ara wọn wò láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé àtàrí, láti máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ara àṣà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti mú ìpìlẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ẹ̀rù ń bà mọ èyí ní gbangba. Ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbé e wọ ilé ìwòsàn. Kò sí òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, kò sí àdúrà tí wọ́n ń gbà sí ẹnikẹ́ni. Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá, tó ń fi omi wẹ ọwọ́, tó ń yọ ẹnu, tó ń wẹ ojú, tó sì wẹ apá dé ìgúnpá, bó bá jẹ́ kí ọkàn òun wà lórí omi náà bó ti ń kan awọ ara, ó ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Onígbàgbọ́ tó ń kọ orin láìkánjú, tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àti ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ètò Kabat-Zinn ni kí ènìyàn jẹ ẹyọ èso àjàrà gbígbẹ kan péré, kó fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Àgbálùmọ̀ ni tiwa. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ mú ẹyọ kan. Kí ẹ tó fọwọ́ fún un, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ibi tó pọ́n àti ibi tí ewé bò tí kò pọ́n tó. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀. Ẹ já a, kí ẹ rí oje funfun tó ṣẹ́ jáde. Kíkan ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, itọ́ á sì kún ẹnu kó tó di pé adùn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n wá àwọn kóró rẹ̀, ẹ kà wọ́n bí ẹ ṣe ń tu wọ́n jáde. Ẹ ó rí i pé ọkàn ti rìn lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó jẹ ẹ́ tán. Kò burú rárá. Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó lọ tí ẹ sì mú un padà ni iṣẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó rò pé ọkàn òun ní láti pa rọ́rọ́ kí òun tó lè ṣe é dáadáa á tètè jáwọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń tìdí èyí jáwọ́.

Èémí náà ní ìdí tirẹ̀. Bí a bá mí sínú, ọkàn tó ń lù láyà á yára díẹ̀. Bí a bá mí síta, á rọra. Iṣan kan tó gùn láti ọpọlọ dé àyà àti ikùn ló ń ṣe ìdarí yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí inú ń bí fi lè rí ìrọ̀rùn díẹ̀ bó bá jẹ́ kí mímí síta rẹ̀ gùn ju mímí sínú lọ, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Kò gba owó, kò gba ẹní pàtàkì, a sì lè ṣe é nínú ọkọ̀ tó há láìjẹ́ pé ẹni tó jókòó tini mọ̀.

Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, tí mo fẹ́ràn jù gbogbo rẹ̀ lọ: ìkíni. Ẹ rin ọjà kan já láti Ẹmùré títí dé Ìjàn, kí ẹ kí ènìyàn bó ti yẹ. Ẹni tó pàtẹ, ajé á wọ igbá o. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó gbé ọmọ tuntun pọ̀n, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ohùn tí a fi ń kí i yàtọ̀, ìdúró tí a dúró ní iwájú rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí bí a ṣe lè kí irú ìkí bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ẹni náà, ká rí ohun tó ń ṣe ní wákàtí yẹn gan-an. Ọmọ tó wólẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ ń gbé gbogbo ara rẹ̀ wá síbi ìkíni náà. Ṣùgbọ́n kí la ń ṣe báyìí? Orí wà nínú fóònù, a ju "ẹ kú o" kan sẹ́yìn bí a ti ń kọjá, ẹni tí a kí kò sì mọ̀ bóyá òun ni. Ó dùn mí púpọ̀. Ẹni tó bá pinnu pé láti òní lọ òun á máa wo ènìyàn kí òun tó kí i, tó sì dá ẹsẹ̀ dúró títí tó fi gbọ́ ìdáhùn, ti ní ohun tó máa fi kọ́ ọkàn rẹ̀ lójoojúmọ́, láìdá àkókò kankan sọ́tọ̀.

Ti fóònù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó wà ní yàrá mìíràn nígbà tí a bá ń jẹun. Kó má sí lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń sọdá títì, nítorí ọ̀kadà kì í dúró de ẹni tó ń ka WhatsApp. Àwọn tó sì ń gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lójoojúmọ́, òkè Ọlọ́sùnta wà níbẹ̀, àpáta ńlá tó ga bẹ́ẹ̀. Ẹ gbójú sókè wò ó, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ṣe bà lé e.

Mo ní láti sọ ibi tí agbára ìfọkànsí yìí mọ. Ní 2014, Madhav Goyal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 47, tó kan ènìyàn 3,515. Wọ́n rí i pé ó ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó dára ju eré ìdárayá tàbí oògùn lọ. Àwọn kan ti ń pariwo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré á yí ìrísí ọpọlọ padà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Wisconsin tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fínnífínní ní 2022, wọn kò rí ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra ìwé tàbí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣèlérí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é fi san owó ilé ìwé. Ẹni tí wọn kò san owó oṣù fún nílò owó oṣù rẹ̀, àìdára ni láti máa sọ fún un pé kó mí sínú, kó mí síta.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára ni ti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń padà bá. Ní 2000, John Teasdale, Zindel Segal, Mark Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí àìsàn náà ti ṣe rí tí ara wọn sì ti yá. Láàárín àwọn tó ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà bá ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ nìkan, ìdá 37 péré ló sì padà bá nínú àwọn tó kọ́ ìfọkànsí mọ́ ọn. Fún àwọn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti ṣe wọ́n, kò ṣe ìrànwọ́ kankan. Àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ló sì darí ètò náà, kì í ṣe pé aláìsàn dá a ṣe nínú yàrá.

Àwọn ènìyàn kan wà tí jíjókòó jẹ́ẹ́ máa ń gbé ohun burúkú tí ojú wọn ti rí wá sọ́kàn wọn: jàǹbá ọkọ̀, olè, ikú òjijì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ wá ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, tó ń sọ pé kò sí ohun tí òun tún ń gbé ayé ṣe, kì í ṣe ẹni tí a ń fi àgbálùmọ̀ kọ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Arọ̀, Abẹ́òkúta, kí ẹ sì bá a lọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ti Arọ̀ ní 1954, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí. Kò gba aláìsàn kankan síbẹ̀ láìjẹ́ pé ìbátan rẹ̀ kan bá a wá, tí á máa se oúnjẹ fún un, tí á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí á sì máa mú un padà sílé nírọ̀lẹ́.